Kọ́ọ̀sì ATP-CTP Dára, Ṣùgbọ́n Kò Yẹ Kí N Fi Owó Ara Mi San Án

Ẹni ọdún 43 ni mí nígbà tí mo fẹ̀yìntì kúrò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, lẹ́yìn 20 ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ akẹ́rù C-130. Nítorí pé ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 kò lè wa ọkọ̀ òfuurufú fún àwọn ilé-iṣẹ́ akérò ńláńlá mọ́ lábẹ́ òfin, mo ka ọdún tí ó kù, mo rí i pé 22 ni, ara mi kò sì balẹ̀ mọ́. Ìkánjú yìí ni ó gbé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan tí ó ń polówó kọ́ọ̀sì ATP-CTP fún àwa ológun tó fẹ̀yìntì, ìyẹn ẹ̀kọ́ tí awakọ̀ ń ṣe kí ó tó gba ATP, ìwé-àṣẹ àwọn awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú.

Mo kọ́kọ́ rò pé kọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ń fúnni ní ìwé-àṣẹ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wákàtí 30 ni nínú kíláàsì, wákàtí 10 sì ni nínú simulator, ẹ̀rọ tí a fi ń kọ́ ọkọ̀ wíwà láìkúrò nílẹ̀, tí 6 nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ nínú irú èyí tí ó ń mì tí ó sì ń fì bí ọkọ̀ gidi. Ìwé-ẹ̀rí tí a gbà lẹ́yìn rẹ̀ kàn fún wa láyè láti jókòó ṣe ìdánwò FAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, ni, nítorí pé láti oṣù Kẹjọ ọdún 2014, kò sí ẹni tí wọ́n ń gbà láàyè láti ṣe ìdánwò ATP ti ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì púpọ̀ láìní i lọ́wọ́.

Ọjọ́ tí a kọ́ nípa stall, ìyẹn ìgbà tí ìyẹ́ kò bá lè gbé ọkọ̀ dúró mọ́ lófuurufú, ni mo gbà pé owó mi kò ṣègbé. Olùkọ́ wa, obìnrin kan tí ó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ akérò, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ Colgan Air 3407 tí ó já lulẹ̀ nítòsí Buffalo ní ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 2009, tí ènìyàn 50 sì kú, ìjàǹbá tí ó mú kí wọ́n ṣe òfin ọdún 2010 tí kọ́ọ̀sì yìí ti jáde wá. Nígbà tí ẹ̀rọ kìlọ̀ fún ọ̀gá awakọ̀ náà pé ìyẹ́ ọkọ̀ kò ní lè gbé e dúró mọ́, ńṣe ni ó fa ìdarí sẹ́yìn, tí imú ọkọ̀ sì tún ga sí i. Ní ìgbà tí wọ́n kọ́ èmi ní iṣẹ́, ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kí a fún ẹ́ńjìnnì lágbára, kí ọkọ̀ má sì lọ sílẹ̀ rárá. Olùkọ́ yìí ní kí n gbàgbé bí a ti ga tó ná, kí n kọ́kọ́ tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọwọ́ mi ṣe ti àtijọ́ kí n tó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, ọwọ́ yín ò tíì fẹ̀yìntì.” Mi ò rò pé ìwé kankan lè kọ́ mi ní ohun tí wákàtí méjì yẹn kọ́ mi.

Ọ̀fíìsì wọn ni mo ní ẹjọ́ lára. Wọn kì í wo ìwé tí ẹnikẹ́ni ń kọ wákàtí tí ó ti fò sí kí wọ́n tó gba owó. Ọmọ ogun ilẹ̀ kan tí a jọ wà níbẹ̀ ti fi hẹlikópítà fò ju wákàtí 2,000 lọ, ìgbà tí a parí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé òfin ń béèrè wákàtí 250 gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá awakọ̀ nínú ọkọ̀ oníyẹ̀ẹ́, òun kò sì ní tó ìdajì rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pẹ̀lú pé àwọn ológun ń ka wákàtí láti ìgbà tí ọkọ̀ bá gbéra nílẹ̀ títí di ìgbà tí ó bá bà, nígbà tí àwọn aráàlú ń kà á láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti lọ fò, àti pé àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa ń gbà kí a fi díẹ̀ kún ìrìn kọ̀ọ̀kan nítorí ìyàtọ̀ yìí.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé mo dúró fún oṣù mẹ́rin kí àyè tó ṣí ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, mi ò sì kọ̀wé béèrè iṣẹ́ ní gbogbo àkókò yẹn, nítorí mo rò pé àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kò ní dá mi lóhùn láìsí ìwé-ẹ̀rí náà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan gbà mí, mo bá àwọn tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ san owó kọ́ọ̀sì kan náà fún, lẹ́yìn tí ó ti gbà wọ́n síṣẹ́ tán. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ọjọ́ tí ènìyàn wọlé ni ó ń pinnu ibi tí yóò máa ti gbéra, ìsinmi tí yóò yàn, àti ìgbà tí yóò di ọ̀gá awakọ̀. Oyè tí mo gbà nínú ogun kò sí nínú ìṣirò náà rárá. Gbogbo ẹni tí ó wọlé láàárín oṣù mẹ́rin yẹn ni ó wà níwájú mi lórí ìwé, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún 26 tí mo máa ń jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ báyìí, tí mo ń pè ní ọ̀gá.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti ní wákàtí tí ó pé, ẹ kọ̀wé béèrè iṣẹ́ ná, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá àwọn ni yóò san owó kọ́ọ̀sì náà.