Kọ́ńpáàsì Onípátákó Ike Lórí Òkè Tí Kò Ní Ṣóńṣó

Òkè koríko tó rí rìbìtì kò ní ṣóńṣó. Bí kùrukùru bá bò ó, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a jọra. Ibẹ̀ la ti ń mọ iyì kọ́ńpáàsì yìí, ohun èlò tí abẹ́rẹ́ òòfà rẹ̀ ń tọ́ka sí àríwá.

Lórí máàpù, ẹ fi etí ike rẹ̀ so ibi tí ẹ wà mọ́ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ yí àwo roboto orí rẹ̀ títí ìlà inú rẹ̀ yóò fi bá ìlà àríwá máàpù mu, kí ẹ sì ṣírò ìyàtọ̀ àríwá máàpù àti ti òòfà, èyí tí abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí. Ẹ gbé e pẹlẹbẹ, ẹ yí ara yín títí orí pupa abẹ́rẹ́ yóò fi wọnú ọfà tó wà nínú àwo náà; ibi tí iwájú ike kọjú sí lẹ ó gbà. Àṣìṣe 1° lásán á gbé yín yà ní nǹkan bí mítà 17 nínú kìlómítà kan, nítorí náà èyí tí àwo rẹ̀ bá dẹ̀, ẹ má rà á.

Ọ̀tá rẹ̀ ni fóònù. Òòfà inú fóònù tàbí àpò rẹ̀ lè dojú abẹ́rẹ́ rú, kí orí pupa máa tọ́ka sí gúúsù. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kọ́ńpáàsì tó ní dígí ìwojú, tí a fi ń wo ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ńkọ́? Ìnáwó lásán ni, nítorí kí lẹ fẹ́ fi wò nínú kùrukùru?