Fáìlì tí wọn kò rí, àti dókítà tó rí ohun tó ń fa ikọ́ màmá mi

Ọ̀rọ̀ fáìlì ni ó mú mi jókòó kọ èyí. Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìbàdàn ni mo mú màmá mi lọ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ní ọjọ́ tí àwọn fúnra wọn kọ sórí káàdì. Aago 7 kò tíì lù tí a fi débẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba káàdì lẹ́nu fèrèsé kò ṣí ìwé kankan wò kí ó tó ní kí a lọ jókòó. Nígbà tí ó di aago 10, tí àwọn tí a ṣáájú dé ti ń jáde lọ́dọ̀ dókítà, mo padà lọ bá a, ó sì dá mi lóhùn pé kò sí fáìlì, kí a lọ ra káàdì tuntun. Mo kọ̀ jálẹ̀, nítorí pé àkọsílẹ̀ ọdún 6, pẹ̀lú gbogbo èsì àyẹ̀wò kíndìnrín màmá mi, ni ó wà nínú fáìlì náà. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ ni ó rọra sọ fún mi pé kí n wo orí tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni fáìlì náà wà láti àárọ̀. Kò sí ẹnì kan tó sọ pé kí a má bínú.

Bí wọ́n ṣe pe màmá mi báyìí, tí wọn kò tíì mí délẹ̀, ni nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, tí ó sì kígbe 178/104 sí etí gbogbo ènìyàn.

Dókítà tí a wá bá, ọmọbìnrin kékeré ni, ó kúnlẹ̀ kí màmá mi kí ó tó jókòó. Ó béèrè pé, "Mà, kí ló ń dà yín láàmú jù?" Màmá mi dárúkọ ikọ́ gbígbẹ kan tí kò jẹ́ kí wọ́n sùn láti oṣù 3 sẹ́yìn, èyí tí a ti ra oògùn ikọ́ sí, tí a ti se àgbo sí, tí kò lọ. Dókítà ní kí a da gbogbo oògùn inú ọ̀rá wa sórí tábìlì, ó mú lisinopril, ó sì ṣàlàyé pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yìí máa ń fa irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ó fi losartan rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí màmá mi fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì kanlẹ̀, kí wọ́n má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 5. Ó wá aṣọ ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń dì mọ́ apá, tó fẹ̀ tó apá wọn, nítorí pé èyí tó bá kéré jù máa ń mú kí iye náà ga ju bó ṣe yẹ lọ. 146/88 ni ó rí. Omi bọ́ lójú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kó gbogbo oògùn yín dání, títí kan àgbo.

Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni màmá mi, ìdá 10 nínú 100 owó oògùn ni NHIA, àjọ ìbánigbófò ìlera ìjọba àpapọ̀, ní kí wọ́n san, ṣùgbọ́n losartan ti tán níbẹ̀, ìta ni a ti rà á ní owó pípé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ikọ́ náà lọ. Ìràwọ̀ 2 nínú 5 ni mo fún ilé ìwòsàn náà. Màmá mi ní kí n kọ 5 nítorí dókítà yẹn, ṣùgbọ́n èmi ni mo dúró lẹ́nu fèrèsé.