Súwíìṣì ni kẹ́ ẹ bi wọ́n, ẹ fi iná sílẹ̀: kíbọ́ọ̀dù mechanical tí mo rà ní Àkúrẹ́

"Mummy, gbogbo súwíìṣì pátá ló wọ̀ ọ́, ẹ ṣáà mú èyí tó bá wù yín." Ohun tí bọ̀ọ̀dá tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àkúrẹ́ sọ fún mi nìyẹn kí n tó tránsífà owó kíbọ́ọ̀dù mechanical, ìyẹn èyí tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní súwíìṣì tiẹ̀ lábẹ́, ojú ẹ̀ ò sì ṣẹ́ rárá tó fi sọ ọ́. Mo bi í dáadáa o. Mo ní ṣé súwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kíbọ́ọ̀dù yìí ń gbà àbí ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ níbẹ̀, pé tí wọ́n bá ti kọ hot-swap sára páálí, ìyẹn pé èèyàn lè fa súwíìṣì yọ kó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó ti parí. Irọ́ gbuu ni. Nígbà tí mo sì padà lọ bá a jẹ́ẹ́jẹ́, èmi ló tún dá lẹ́bi. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù wọn, mi ò sì ní dárúkọ kíbọ́ọ̀dù náà, àmọ́ gbogbo bó ṣe lọ ni mo máa sọ.

Kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tó fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀, ìwé ni mò ń tẹ̀ jẹun ní Oǹdó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Adéyẹmí ló pọ̀ jù nínú kọ́sítọ́mà mi, àwọn tó ń kọ project ní ẹ̀ka Yorùbá gan-an ló máa ń wá mi kàn torí ọ̀pọ̀ bísíńẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ni kì í fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ tó bá ti lámì ohùn. Ẹ sì wo lẹ́tà bíi "ẹ́" yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń tẹ nǹkan kó tó jáde, wàá di bọ́tìnnì AltGr mú, wàá tẹ àmì, wàá tún wá tẹ lẹ́tà fúnra ẹ̀, báyìí báyìí láti Orí Kìíní títí dé Orí Karùn-ún. Tí kíbọ́ọ̀dù bá le, ọrùn ọwọ́ ló máa sọ ọ́ lálẹ́. Tó bá wá di òru, tí NEPA bá ṣe dáadáa, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní FUTA la jọ máa ń gbá géèmù ìyìnbọn Counter-Strike, mo sì ń gbá a gan-an ni, kì í ṣe pé mo jókòó tì í. Kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Àwọn tó ń ta nǹkan yìí, iná aláràbarà abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tàn fún èèyàn. Ẹ má wo iná. Súwíìṣì abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan lẹ̀ ń rà. Cherry ti Jámánì ni àwọ̀ tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n ti wá, àwọn ará Ṣáínà bíi Gateron, Kailh àti Outemu wá ń ṣe tiwọn pẹ̀lú àwọ̀ kan náà, ìyẹn ló jẹ́ kọ́wọ́ wa lè tó o. Red máa ń lọ sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́, kò sí ohun tó dá a dúró lọ́nà, ti Cherry ò gbà ju nǹkan bíi 45 gíráàmù agbára ìka lọ. Brown ní kókó kékeré kan lọ́nà tí ìka máa mọ̀ lára. Blue ní kókó, ó tún ń pariwo. Black dà bíi red, àmọ́ ó le jù ú lọ, nǹkan bíi 60 gíráàmù, mi ò gba ẹnikẹ́ni tó ń tẹ Yorùbá níyànjú kó rà á.

Blue ló wà nínú èyí tí mo rà. Kí n sọ òótọ́, lọ́sàn-án, blue dùn ún tẹ̀. Ta-ta-ta, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ ni mo ń mọ̀ pé lẹ́tà ti wọlé láìgbójú sókè wo skríìnì, àwọn ọmọ tó ń dúró gba iṣẹ́ wọn gan-an máa ń ní "ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín yá o". Àmọ́ òru ò gbà á. Yàrá ìyá onílé ló kan tèmi, mo sì ti mọ̀ tipẹ́ pé mo máa ní láti pààrọ̀ ẹ̀, ìdí tí mo fi ra páálí red Gateron kan mọ́ ọn lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ariwo nìkan sì kọ́. Súwíìṣì blue, ibi tó ti ń gba lẹ́tà wọlé àti ibi tó ti ń tú u sílẹ̀ kì í ṣe ojú kan náà, bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ gòkè kọjá ibi tó ti kọ́kọ́ dún kó tó lè gba òmíràn. Nínú Counter-Strike ẹ, tó o bá ń sáré lọ sápá òsì pẹ̀lú A, tó o sì fẹ́ kí ìbọn lọ tààrà, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró, D lo máa tẹ̀ fìrí láti fi dúró. Pẹ̀lú blue, A ò tíì tú sílẹ̀ tán tí wọ́n ti máa yìnbọn pa ẹ́.

Bí mo ṣe délé, tí mo fa blue kan yọ, mo rí i pé ihò mẹ́ta péré ló wà lójú bọ́ọ̀dù, ńlá kan láàárín, kékeré méjì fún irin. Súwíìṣì tí wọ́n tà fún mi ní ẹsẹ̀ márùn-ún, àwọn méjì tó lé jẹ́ ike, wọn ò sì níbi tí wọ́n máa wọ̀. Gateron ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ń ṣe ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an nìyẹn! Ohun tí wọ́n fi ń fa súwíìṣì yọ tó wà nínú fọ́tò ìpolówó wọn, kò sí nínú páálí, ṣíbí ni mo fi rọra gbé e.

Mo wọ mọ́tò, ó di Àkúrẹ́. Mo gbé e kalẹ̀ lórí káńtà, mo kí bọ̀ọ̀dá, mo ṣàlàyé. Kò fọwọ́ kàn án. Fóònù ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, etí fóònù yẹn náà ló fi ń sún kíbọ́ọ̀dù mi síwá sẹ́yìn lórí gíláàsì bíi pé nǹkan ẹlẹ́gbin ni. Ó ní, "Mummy, ẹ ti fagbára tẹ̀ ẹ́, ẹ ti ba ojú ihò ẹ̀ jẹ́." Mo ní mi ò tẹ nǹkan kan, pé kó ka ẹsẹ̀ súwíìṣì kó tún ka ihò. Ó wá ní, "Ẹ lọ mú ọmọ tẹ́ ẹ rà á fún wá, ká lè jọ sọ ọ́, torí ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n."

Inú mi ru. Èmi tí mo ti ń tẹ̀wé kó tó mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń jẹ́! Mo sọ fún un pé èmi ni mo ni ín, èmi ni mò ń fi gbá géèmù, èmi náà ni mò ń fi ṣiṣẹ́ jẹun, pé kó kó súwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fún mi tàbí kó dá owó mi padà. Ó ní ọjà tí wọ́n bá ti tà, wọn kì í gbà á padà, ó nawọ́ sí rìsíìtì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ lóòótọ́ ní lẹ́tà wínníwínní. Ó tún wá gbé òmíràn jáde, owó ẹ̀ ju ìlọ́po méjì tèmi lọ, ó ní tí mo bá fẹ́ ti géèmù gidi, èyí tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì ni kí n rà. Irú ẹ̀ dáa o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, kò sí irin tó ń kan irin nínú ẹ̀, èèyàn sì lè yan bí bọ́tìnnì ṣe máa lọ sílẹ̀ tó kó tó gbà á wọlé, Wooting ti Netherlands ló jẹ́ kí àwọn onígéèmù mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Àmọ́ ohun tí bọ̀ọ̀dá fi ń polówó ẹ̀ ni pé ó máa ń bá èèyàn dúró fúnra ẹ̀ tó bá di A àti D. Ohun tí Valve tó ni Counter-Strike fòfin dè lóṣù kẹjọ 2024 nìyẹn, géèmù máa lé ẹ jáde láàárín ìdíje ni. Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ibẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ kan ti dìde láti ẹ̀yìn. Ọmọ kékeré, láti ìgbà tí mo ti wọlé ló ti ń tú láptọ́ọ̀pù kan nílẹ̀ tí kò sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó yí súwíìṣì kan dojú dé, ó fi ìka hàn mí, "Àwọn méjì yìí, mà, ìdúró lásán ni wọ́n wà fún, iná ò gbabẹ̀ kọjá." Ó mú ohun tí wọ́n fi ń gé èékánná jáde láti ara kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, ó gé ẹsẹ̀ ike méjèèjì ní ìdí pẹ́ú, ó fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò bóyá ó ṣì ṣẹ́kù. Irin ẹyọ kan ti tẹ̀, ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín tọ́ ọ padà díẹ̀díẹ̀, ó gbé e sójú iná wò ó, ó tún tọ́ ọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé bọ́ọ̀dù lábẹ́ kó má baà sán, ó wá tẹ súwíìṣì náà wọlé. Ó dún pọ́. Ó ṣí Notepad, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ wò. Ó wọlé.

Ó jókòó, ó gé gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò kánjú, tó bá sì ti ki ọ̀kan bọ ibẹ̀ á ní kí n tẹ̀ ẹ́ kó tó mú òmíràn. Ó ní òun máa kọ́kọ́ ṣe W, A, S, D, torí ibẹ̀ lọwọ́ mi máa gbé jù lóru. Ṣé ẹ rí i? Ó gbà gbọ́ pé èmi ni mò ń gbá géèmù. Inú tó ń bí mi rọ̀ wọ̀ọ̀, mo gba àga, a jọ ń sọ̀rọ̀, ó ní Kailh ń ṣe irú kan tí wọ́n ń pè ní Box, tó ní ògiri kékeré yí ọ̀pá àárín ká kí eruku àti omi má baà tètè wọ̀ ọ́, pé ìyẹn ló dáa fún ìgbà ọyẹ́. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ẹ mọ bí eruku ṣe máa ń bo gbogbo nǹkan ní December.

Bí ọmọ yẹn ṣe parí báyìí ni bọ̀ọ̀dá gbójú kúrò lórí fóònù, ó ní "Owó iṣẹ́ ńkọ́, Mummy?" Ọmọ náà ló dá a lóhùn, kò gbé ohùn sókè, ó ní, "Ọ̀gá, àwa la tà á fún wọn." Mi ò san kọ́bọ̀. Mo fún ọmọ yẹn lówó oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà kó tó gbà á.

Mo ti ń lò ó látìgbà náà. Red fún géèmù, kò lẹ́gbẹ́, A ti tú sílẹ̀ kí n tó rò ó, àbúrò mi ti ń ní kí n gbé e wá sí FUTA kí òun náà fi gbá a. Fún iṣẹ́ ìwé, ó fúyẹ́ díẹ̀ jù, téèyàn bá gbé ìka lé e láìmọ̀ lẹ́tà ti wọlé nìyẹn, ní pàtàkì tí ọwọ́ bá di AltGr mú. Tó bá jẹ́ ìwé nìkan lẹ̀ ń tẹ̀, brown ni kẹ́ ẹ rà. Ọrùn ọwọ́ mi ò dùn mí mọ́ ṣá, ìyá onílé náà ò sì gbọ́ nǹkan kan. Bọ́tìnnì space ń gbọ̀n, mi ò fẹ́ràn ohùn ẹ̀.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ṣọ́ọ̀bù àti kíbọ́ọ̀dù lápapọ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá ka ohun tí mo kọ nípa bọ̀ọ̀dá yẹn máa ní kí ni mo rí, ọmọ iṣẹ́ yẹn ló ni ín, tí kò bá sí níbẹ̀ ni, mi ò bá má fún wọn ju ẹyọ kan lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣe kòńgẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, òun ni kẹ́ ẹ ní kó dá yín lóhùn. Ohun tí wọ́n fi ń fa súwíìṣì yọ, wọ́n ní àwọn máa fi ránṣẹ́ sí mi ní Oǹdó, mi ò tíì rí i.