Afinimọ̀nà tó mú wa gun Òkè Ìdànrè

Gíráníìtì ni mo ń tà l'Ákùúrẹ́, típà-típà ni mo fi ń kó o fún àwọn tó ń kọ́lé. Ojoojúmọ́ ayé ni mo ń fojú kan òkúta, síbẹ̀ n kò gun Òkè Ìdànrè rí, àfi ní Sátidé tó kọjá tí ọmọbìnrin mi tó ń kọ́ jiọ́lọ́jì, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ní FUTA fà mí lọ.

Afinimọ̀nà tí a gbà mọṣẹ́. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, afinimọ̀nà náà kò sì kán wa lójú rárá. Ààfin Ọwá àtijọ́, ilé ẹjọ́, ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn inú ìtàn ìlú: ó ń pìtàn wọn bí ẹni tó gbé orí òkè kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀. Òun ló tún sọ fún wa pé ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé àpáta yìí nìkan la ti mọ̀ ọ́n láyé. Àwọn ọ̀dọ́ kan gbé ọ̀dà jáde láti fi kọ orúkọ wọn sára àpáta, ló bá sáré débẹ̀: "Ẹ dákun, àwọn àgbà ló fi èyí sílẹ̀ fún wa." Wọ́n gbọ́. Inú mi dùn gan-an.

Ìtàn òkúta fúnra rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Mo bi í bí òkè yìí ṣe débẹ̀. "Mọ́mì, Ọlọ́run ló fi síbẹ̀." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ mi bá lóṣòó, ó fi ìka mi lé àwọn hóró ràgàjì kan lára àpáta, tí òmíràn tó àtàǹpàkò mi. Ó ní feldspar nìyẹn, ọ̀kan lára àwọn ohun tó para pọ̀ di gíráníìtì. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkúta yọ́ nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó sì ń tutù díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ni hóró fi ráyè tóbi. Òjò ló wá ń wọ́ ilẹ̀ orí rẹ̀ lọ títí àpáta fi yọ. Brazil náà ní irú rẹ̀, torí ilẹ̀ wa àti tiwọn ṣì so pọ̀ nígbà náà. Èmi tí mo ti ta òkúta títí!

Ọdún 2007 ni orúkọ òkè yìí ti wọ ìwé àwọn ibi tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, lè gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Láti 2015 ni wọ́n sì ti ní ètò Geopark, níbi tí àwọn orílẹ̀-èdè ti ń kọ́ ara wọn bí a ṣe ń tọ́jú òkúta, tí ará ìlú fi ń rí jẹ níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń padà wá yẹ ibi tí wọ́n bá gbà wò. Mòrókò ní Geopark, Tanzania ní. Ìdànrè tó bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kó rí i gbà.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, afinimọ̀nà ní kí ọmọ mi pe feldspar lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún òun, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀. Irú afinimọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ẹ tètè gòkè ní aago méje, torí bó bá fi máa dọ̀sán, àpáta á ti gbóná.