Ọsibítù kan náà, ìyá kan náà, àmọ́ etí àwọn dókítà wọn ò dọ́gba

Ọsibítù aládàáni kan l'Óṣogbo níbí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, kò jìnnà sí Ọláìyá, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí mi ò wá ìjà. Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa. Ilé wọn mọ́, éèsì ń ṣiṣẹ́, tí NEPA bá mú iná lọ jẹnẹrétọ̀ wọn kì í pẹ́ gbé e, àwọn nọ́ọ̀sì wọn mọ èèyàn kí, láàbù wọn náà ń yára. Owó káàdì wọn ò pa èèyàn. Tó bá jẹ́ ìwọ̀nyí nìkan ni, ìràwọ̀ márùn-ún ni ǹ bá fún wọn kíá. Àmọ́ ta ló ń torí éèsì lọ ọsibítù?

Màámi ń ta èlùbọ́ l'ọ́jà Ìgbọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn ó ti pẹ́. Wọ́n yí oògùn wọn padà sí lisinopril níbòmíì, kò pẹ́ sígbà yẹn ni ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ o, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ara ò gbóná, ọ̀fun á kàn máa yún wọn, tó bá wá dòru ló máa ń le, kò sẹ́ni tó ń sùn nílé.

Dókítà àkọ́kọ́ tá a bá, ọ̀gá ọkùnrin kan ni, fóònù ló ń tẹ̀ nígbà tá a wọlé. Màámi bẹ̀rẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n kí i, wọ́n kí ìyàwó ẹ̀, wọ́n kí àwọn ọmọ, wọ́n ní "Dókítà, ṣé ẹ rí i, àtìgbà tí mo ti ń lo oògùn tuntun yìí..." ibẹ̀ yẹn ni ọ̀gá ti já lu ọ̀rọ̀, ó ní "Màmá, ṣé ikọ́ ni àbí kì í ṣe ikọ́?" Wọ́n ní ikọ́ ni. Ó ti ń kọ̀wé nìyẹn. Antibáyótíìkì, oògùn ikọ́ olómi, oògùn ibà lé e (ṣé ẹ mọ̀ pé nílùú yìí kò sẹ́ni tó ń ti ọ̀dọ̀ dókítà dé láìgba oògùn ibà). A lo gbogbo ẹ̀, owó lọ, ikọ́ ò lọ.

Nígbà tá a máa padà lọ, àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì n'Íbàdàn wà nílé, òun ló wa mọ́tò gbé wa lọ, ó wọ táì, òyìnbó ló ń sọ. Dókítà yìí kan náà o! Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń ṣàlàyé, wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Màámi tó ni ikọ́ lára kàn ń wo ẹnu àwọn méjèèjì bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù. Mo fẹ́ dá sí i, ó ní "Madam, ẹ jẹ́ kí brother sọ̀rọ̀." Brother tí ò mọ̀ pé wọ́n tiẹ̀ yí oògùn màámi padà! Dókítà fetí sílẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí ò mọ nǹkan kan ló fetí sí. X-ray àyà ló ní ká lọ ṣe, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ìgbà tó yá tá a tún lọ, ọ̀gá ò sí lẹ́nu iṣẹ́, dókítà obìnrin kékeré kan la bá. Ó yí àga ẹ̀ kọjú sí màámi, kì í ṣe sí mi. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ dópin, títí kan ọ̀rọ̀ èlùbọ́ tó bu àti oníbàárà tó jẹ wọ́n lówó tó sá lọ. Mo rò pé á sú u, kò sú u. Inú ìtàn gbèsè yẹn gan-an lọ̀rọ̀ ti jáde, torí màámi ní ìgbà tí oníbàárà yẹn sá lọ náà làwọn bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun, lẹ́yìn ẹ̀ ni ikọ́ dé. Dókítà ní "Màmá, oògùn wo nìyẹn, ẹ jẹ́ n rí i." Bó ṣe rí i ló mi orí. Ó ní lisinopril àti àwọn ẹbí ẹ̀, enalapril, ramipril, wọ́n máa ń fún àwọn kan ní ikọ́ gbígbẹ, àwa obìnrin ló sì máa ń ṣe jù. Ó pààrọ̀ ẹ̀ sí losartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru míì tí kì í ṣe ẹbí wọn, díẹ̀díẹ̀ ikọ́ relẹ̀, ó sì lọ. (Ẹ má torí èyí fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín sílẹ̀ fúnra yín o, dókítà ni kó pààrọ̀ ẹ̀, rọpárọsẹ̀ ò fẹ́ mọ̀ pé ikọ́ ló ń yọ yín lẹ́nu.)

Kì í ṣe Òṣogbo nìkan ni jàre. Ní 1984, àwọn olùwádìí méjì l'Amẹ́ríkà, Beckman àti Frankel, gbọ́ ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà tí àwọn aláìsàn wà lọ́dọ̀ dókítà, wọ́n rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà dókítà máa ń já lu ọ̀rọ̀, tá a bá sì pín in dọ́gba, bí ìṣẹ́jú-àáyá 18 péré ló ń gbà kó tó já lù ú. Ìṣẹ́jú-àáyá 18! Màámi ò tíì kí ìyàwó dókítà tán nígbà yẹn. Serena Williams tó gbajúmọ̀ nídìí tẹníìsì náà, nígbà tó bímọ ní 2017, ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ máa ń dì lára òun, ó ní kí wọ́n yẹ òun wò, nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ló ń dà á láàmú, ìgbà tí wọ́n wá ṣe scan ni wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀. Olówó tó gbọ́ òyìnbó nìyẹn o, ká má tíì sọ ti ìyá tó ti ọjà dé.

Mo mọ̀ pé àwọn dókítà ń jápa, iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta ni ẹnì kan ń ṣe. Àmọ́ bí èrò ṣe kún lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ lọ náà ló kún lọ́jọ́ àbúrò mi, àyè sì wà fún ẹ̀rín. Ìjọba gbé ìwé ẹ̀tọ́ aláìsàn jáde ní 2018, ó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ní èdè tó yé e. Mo béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó wà níbi káàdì, ó ní òun ò gbọ́ ọ rí.

Ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo fún wọn, ti nọ́ọ̀sì, ti láàbù, àti ti dókítà kékeré yẹn. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ kó gbogbo oògùn yín sínú nálọ́ọ̀nù dání, ẹ sì bi nọ́ọ̀sì léèrè ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó káàdì, torí wọn kì í dá a padà.