Ọdẹ tó mú wa sọ̀kalẹ̀ dé odò àti ihò àpáta lágbègbè Odò-Ọwá, ní Ìpínlẹ̀ Kwara

15,000 náírà ni àwa mẹ́ta san fún bàbá ọdẹ, owó náà sì tọ́ sí wọn. Ẹni tó bá wa ṣètò mọ́tò láti Ìlọrin ti kọ́kọ́ gba jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ wa, ó ní mọ́tò á gbé wa dé etí odò. Irọ́ ni. Ibi tí mọ́tò ti dúró, igbó ló kù níwájú. Ó dùn mí, torí pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí orúnkún ń yọ lẹ́nu wà pẹ̀lú wa. Ká ní a mọ̀ ni, à bá ti múra fún un.

A gba Ajàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán kọjá. Bàbá ò gba kọ́bọ̀ títí wọ́n fi mú wa lọ kí baálẹ̀, tí wọ́n sì bi àwọn ọdẹ tó sun oko mọ́jú bí ọ̀nà ṣe rí. Lásìkò tá a wà yìí, mi ò ní wọ igbó tẹ̀ lé ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ wọn ọkùnrin ló kẹ́yìn wa.

Àdá ni wọ́n fi gé ọ̀pá fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti ẹ̀gbọ́n mi gùn ju tiwa lọ, mo rò pé wọ́n ṣèèṣì ni. Ìgbà tá a dé ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ ni mo rí ìdí rẹ̀: ọ̀pá á ti kanlẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbé ẹsẹ̀, wọn ò sì ní láti tẹ̀ ba.

"Ìyá, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀. Ẹ má di igi gbígbẹ mú o."

Ọrùn ọwọ́ ni bàbá fi ń dì wá mú, torí pé àtẹ́lẹwọ́ ń làágùn. Ó tó wákàtí kan ká tó dé ìsàlẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣubú.

Odò náà ò fẹ̀, omi rẹ̀ sì mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tá a fi ń rí yanrìn. Mo ti bọ́ bàtà, bàbá ní kí n dúró. Wọ́n lóṣòó, wọ́n bu omi sọ́wọ́, wọ́n wò ó dáadáa. Wọ́n ní ojú ọ̀run lè mọ́ kedere lórí wa kí òjò sì máa rọ̀ lókè odò. Tá a bá rí i tí omi ń pọ́n, tó ń gbé ewé tútù bọ̀, ká gun òkè, ká má wẹ̀yìn wo bàtà. Ẹ̀kọ́ yẹn nìkan tó owó tá a san.

Òórùn àdán ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé a ti dé ihò. Bàbá ní ká fi aṣọ bo imú, torí eruku ìgbẹ́ àdán ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, ká má sì fọwọ́ kan ẹyọ kan. Mo fọwọ́ kan ògiri àpáta náà: ó tutù bí ara àmù. Èyí kọ́ ni ihò tó gbajúmọ̀ ní Odò-Ọwá, tí wọ́n ní àwọn èèyàn sá pamọ́ sí lásìkò ogun, èyí kéré. Ṣùgbọ́n nígbà tá a pa tọ́ọ̀ṣì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí omi ń kán tó, tó, tó, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú, kò sì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Kò sí okùn níbi tó ga jù lọ nígbà tá à ń padà, kò sì sí òògùn ojú ọgbẹ́ kankan nínú àpò wọn. Mo sọ fún bàbá, wọn ò bínú rárá. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì méjì-méjì dání, ti fóònù ò tó, temi kú nínú ihò. Ìgbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ni kẹ́ ẹ lọ.

Mo ti ra okùn tí wọ́n fi ń de ẹrù tírélà, èyí tó nípọn, máa gbé e lọ fún wọn lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní àwọn náà ń bọ̀. Ọ̀pá wọn ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.