Orúnkún ti san, ẹ̀yìn itan ló kù

Bọ́ọ̀lù ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló dá a sílẹ̀, níbí l'Àjàṣẹ́. Mo fẹ́ yí padà, ẹsẹ̀ há sílẹ̀, mo gbọ́ "pọ̀ọ́" nínú orúnkún. Les croisés, ìyẹn iṣan àárín orúnkún tó já, ni àwọn ọ̀rẹ́ mi pè é kí n tó rí dókítà. Kútọnu ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ fún mi, ó pé oṣù 10 báyìí. Owó rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká dá a sílẹ̀.

Orúnkún ò lẹ́jọ́ rárá. Kì í yẹ̀ mọ́, mo ń gun ọ̀kadà zém lọ sọ́jà Ouando láìbẹ̀rù.

Ibi tí wọ́n ti mú iṣan ni mo fẹ́ sọ. Iṣan méjì ni wọ́n fà yọ láti ẹ̀yìn àti apá inú itan, semitendinosus àti gracilis, wọ́n ká a pọ̀ bí okùn kó lè rọ́pò èyí tó já. Ojú abẹ kékeré ni, lábẹ́ orúnkún lápá inú, ni mo bá fojú kéré rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yìn itan mi dúdú títí dé ojúgun bíi pé mo tì í bọ ìkòkò aró. Ìyàwó mi figbe ta.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, mo bẹ̀rẹ̀ mú bàtà, nǹkan já "tá!" lẹ́yìn itan. Mo ní ó tán, owó ti ṣòfò. Kiné, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú ẹsẹ̀ mi, tẹ orúnkún síwá sẹ́yìn, ó ní kò mì, ibi tí wọ́n ti fa iṣan ló ń jinná lọ́wọ́. Mo tiro fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ojúgun mi níwájú, bí àtẹ́lẹwọ́ ṣe fẹ̀ tó, ó kú. Iṣan ìmọ̀lára kékeré ibẹ̀ ni abẹ kàn. Ó ti ń dínkù, ṣùgbọ́n bí ṣòkòtò bá kan ibẹ̀, ó dà bí ara ẹlòmíì.

Ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún mi ṣáájú. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ti máa mú iṣan, wọ́n ní "ẹ̀yìn itan, kò sí wàhálà." Ó parí síbẹ̀.

Síbẹ̀, òun náà ni mà á tún mú. Èyí tí wọ́n ń mú níwájú, lábẹ́ ọmọ orúnkún, máa ń dun ẹni tó bá ń kúnlẹ̀ jù, Mùsùlùmí sì ni mí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Tó bá jẹ́ sáré-sáré ni iṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà dáadáa, torí agbára àtiká ẹsẹ̀ sẹ́yìn kò padà bọ̀ sípò bọ̀rọ̀. Bí mo bá dojú bolẹ̀ lórí ẹní, tí mo ká ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ òsì á kan ìdí. Ti ọ̀tún, ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe abẹ fún, ṣẹ́ ku ìka mẹ́ta. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀ṣẹ́ kan ni.